Àkàbà Tí N Kò Gùn

Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí tí Bàbá Kékeré kò fọwọ́ kan ayùn. Ó jókòó sórí àpótí nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

"Ọwọ́ yìí ti di ọwọ́ arúgbó," ó sọ fún mi. "Mo fẹ́ ta àwọn irinṣẹ́. Àwọn tó fẹ́ rà wọ́n ń bọ̀ wá kó wọn lọ́la."

Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ni, káfíńtà ni, n kò sì tíì rí ẹni tí iṣẹ́ dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Á gbóòórùn pákó kó tó rà á. Á máa bá igi sọ̀rọ̀: "Ìwọ yìí lágídí o, ṣùgbọ́n a jọ máa gbọ́ ara wa yé." Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi í ṣẹ̀rín. Nígbà tí mo ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, tí mò ń retí èsì, bàbá mi ní kí n lọ máa ràn án lọ́wọ́. Mo lọ, ṣùgbọ́n ara mi nìkan ló lọ. Ojú mi kì í kúrò lára fóònù, débi pé Bàbá Kékeré sọ mí ní Ìyá Fóònù.

Òfin kan wà nínú ìsọ̀ náà. Ẹni tó bá kan àkàbà ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. Yóò dúró lórí igi ìdábùú kọ̀ọ̀kan, yóò fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kí oníbàárà tó gbé e lọ.

"Tí yóò bá já," Bàbá Kékeré máa ń sọ, "kó já pẹ̀lú ẹni tó kàn án."

Lọ́jọ́ tí Pẹ́ńtà, oníbàárà wa kan tó ń kun ilé, ń bọ̀ wá gbé àkàbà tirẹ̀, Bàbá Kékeré ti gbẹ́ gbogbo ihò tán. Ó ní kí n ti àwọn igi ìdábùú bọ̀ ọ́, kí n fi gọ́ọ̀mù sí i, kí n kàn án níṣòó, ó sì jáde lọ ra pákó. Mo ti kan méje nígbà tí ọ̀rẹ́ mi pè mí, tí ẹ̀rín gba ẹnu wa. Ìgbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, n kò rántí bóyá mo ti kan ẹ̀kẹjọ. Mo wò ó, ó dúró. Mo fò ó, mo kan ìyókù.

"Ṣé o ti gùn ún?" Bàbá Kékeré bi mí nígbà tó dé.

"Mo ti gùn ún, sà."

Pẹ́ńtà gbé e lé èjìká. "Ìyá Fóònù, tí mo bá débi òrùlé, màá juwọ́ sí ẹ."

Lọ́jọ́ kejì, igi kẹjọ yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Itan rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Bàbá Kékeré gbà pé ihò tí ọwọ́ òun gbẹ́ ló fà á.

Láti ọjọ́ náà ni ìṣubú yẹn ti ń tẹ̀ lé mi. N kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ mò ń gbọ́ ìró rẹ̀. Bí àga bá dún, àyà mi á já. Mo máa ń ka àtẹ̀gùn ilé wa bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi kì í fẹ́ tẹ ẹ̀kẹjọ. Èyí tó burú jù ni ìsọ̀ náà. Bàbá Kékeré kò bá igi sọ̀rọ̀ mọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ sì ń dẹ́rù bà mí.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lè pé ọjọ́ mẹ́wàá.

"Ẹ má tà wọ́n," mo ní. "Kì í ṣe ọwọ́ yín. Mi ò kan igi kẹjọ, mi ò sì gun àkàbà yẹn. Mo parọ́ fún yín."

Ó gbójú sókè.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án," ó ní. "O ń wò mí níbí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn. Ó dìde, ó mú mi lọ sílé Pẹ́ńtà.

Wọ́n ti fi símẹ́ńtì ilé ìwòsàn di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

"Kí lò ń ṣe nígbà náà?" ó bi mí.

"Mò ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù, sà."

Ó yíjú sí ògiri. "Èmi náà ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń gùn ún. Kò sí ibi tó dùn mọ́ mi tó òkè. Dókítà ní mi ò ní gun nǹkan kan mọ́." Ó fọwọ́ na ẹnu ọ̀nà. "Mo ti gbọ́. Ẹ máa lọ."

Lójú ọ̀nà, mo sunkún pé iṣẹ́ igi kò tilẹ̀ wù mí tẹ́lẹ̀.

"Mi ò ní kó wù ẹ́ tipátipá," Bàbá Kékeré dáhùn. "Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ rẹ bá dì mú, jẹ́ kí ọkàn rẹ wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀."

Kò ta àwọn irinṣẹ́ mọ́. Èsì ìdánwò mi jáde, ó dára, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní n kò tíì fẹ́ kúrò. Mo ti wá mọ̀ pé iṣẹ́ tí a kò fi ọkàn ṣe kì í parí sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, ara ẹlòmíràn ló ń lọ parí sí.

Orí ìjókòó ni Pẹ́ńtà ti ń kun ilẹ̀kùn báyìí, èmi ni mo sì ń kan wọ́n fún un. Kó tó kun ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi ìka tẹ gbogbo ibi tí igi ti pàdé igi lára rẹ̀ wò. Mo máa ń dúró tì í títí yóò fi tẹ̀ ẹ́ tán.