Obì Tó Wà Nísàlẹ̀

Ọlájùmọ̀kẹ́ fi ewé gbòdógì tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, ó ń to gbàǹja sí i. Lọ́dún 1994 ni, ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, nílé ìyá rẹ̀ àgbà tí wọ́n ń pè ní Yèyé Ọdúntán. Ojú Yèyé ti ń ṣe bàìbàì, ìyẹn ló fi gbé obì ṣíṣà lé e lọ́wọ́. Èyí tí kòkòrò bá ti lu, kó yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Àmọ́ èyí tó yọ sọ́tọ̀ pọ̀ jù, apẹ̀rẹ̀ ò kún. Phebe, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, ní kó kó wọn sísàlẹ̀, kó fi èyí tó dára bò wọ́n.

"Òkè Ọya ló ń lọ. Ta ló máa ti Kánò wá bá ẹ níbí? Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, kí ló burú níbẹ̀?"

Jùmọ̀kẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Ó kó wọn sísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà ní Iwaraja, Táòfíkì tó ń ra obì ń da ti gbogbo èèyàn sórí àpò, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi bàbá kan bóyá obì ló gbé wá ni àbí ilé kòkòrò. Nígbà tó kan Jùmọ̀kẹ́, ó kàn gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń lọ sídìí ọkọ̀.

"Ṣebí ti Yèyé Ọdúntán nìyí? Èmi kì í tú tiwọn."

 Phebe, tí wọ́n jọ wá, rọra tẹ Jùmọ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀ pé kó dákẹ́. Táòfíkì ò mọ nǹkan kan, inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn. Síbẹ̀ Jùmọ̀kẹ́ rí i kedere pé ohun tóun ṣe ti burú láti ilé.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u."

Ó tú u. Bàbá ìṣáájú ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: "Ilé kòkòrò kejì rè é o." Táòfíkì ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní kó gbé e padà.

Nígbà tí Yèyé gbọ́, ó pe Jùmọ̀kẹ́ sọ́dọ̀.

"Ó dùn mí," ló wá sọ. "Wọ́n á máa tú tiwa náà báyìí. Àmọ́ ìwọ náà ni wàá máa gbé e lọ, torí ìwọ lo ní kí wọ́n tú u."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Lọ́jọ́ ọjà kejì, Táòfíkì da obì Yèyé sórí àpò lójú gbogbo èèyàn. Jùmọ̀kẹ́ dúró tì í, kò sorí kọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kì í ṣe ojú tó rí ìwà ló ń sọ ọ́ di búburú. Ó ti burú kójú tó rí i. Èyí tó dára náà dára, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ tú u wò.