Ọgbà Tó Wà Lórí Aṣọ

"Kí ló yọ òdòdó lónìí?" Ìbéèrè tí ìyá Habeebah máa ń bi í nìyẹn kó tó kí i káàbọ̀ pàápàá.

Habeebah gbé ìṣapá tó rà ní ọjà Yerwa kalẹ̀. Ó ní ilá ló yọ òdòdó, pé ìṣapá inú ọgbà wọn ti gbilẹ̀.

Inú opó ni ìyá náà wà. Bọ́ǹbù tó dún ní ibùdókọ̀ ló pa Àmúsà ọkọ rẹ̀. Takaba ni àwọn aládùúgbò wọn ní Moduganari, ní Maiduguri, ń pe ìjókòó opó bẹ́ẹ̀, opó kì í sì í jáde títí oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé. Habeebah ló ń rán lọ sí ọgbà rẹ̀ ní Ngomari. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó sunkún nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń fọṣọ, ara wọn kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé.

Ọgbà kankan kò sì sí mọ́. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, Habeebah débẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, àti igi zogale tí wọ́n ń jẹ ewé rẹ̀, àti làálì, àti ìṣapá. Sójà kan sọ fún un pé, "No tall thing for here again. Dem dey hide inside." Ó ní àwọn tó ń ju bọ́ǹbù ló ń sá pamọ́ síbẹ̀, pé ẹ̀wà àti ẹ̀pà nìkan ni wọ́n lè gbìn. Habeebah fẹ́ sọ ọ́ nílé, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ìyá rẹ̀, irọ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Habeebah mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe. Ìyá àgbà ló kọ́ ọ ní Òṣogbo lọ́dún tí wọ́n ti ilé-ìwé pa ní Maiduguri. Kí irọ́ náà lè múlẹ̀, ó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya òdòdó ilá àti ewé zogale sórí aṣọ, ó ń rẹ ẹ́ sínú aró. Ìyá rẹ̀ á tẹ́ aṣọ náà sórí itan, á máa fi ìka tọ ewé rẹ̀ lọ. Kúbúrátù tó ń taṣọ ní Yerwa rí i, ó ní kó ṣe sí i. Àwọn èèyàn ń yìn ín. Habeebah ń sọ fún ara rẹ̀ pé àánú lòun ń ṣe. Àánú wo? Irọ́ náà ti ń dùn mọ́ ọn ni.

Opó parí. Ìyá rẹ̀ wẹ̀, ó ró ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ngomari. Habeebah ì bá sọ ọ́ lójú ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.

Kùkùté ni wọ́n bá. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọ̀kan.

"Ta ló gé e?"

"Àwọn sójà ni, Mama. Látìgbà òjò àkọ́kọ́. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gbin ohun tó ga mọ́."

"Ẹ̀wà kì í ga, Habeebah." Ó tú etí aṣọ rẹ̀, irúgbìn ẹ̀wà ló dì síbẹ̀. "Ká ní o sọ fún mi ni, à bá ti gbìn ín. Òjò ti lọ báyìí."

"Àánú yín ló ṣe mí, Mama."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ kú, wọ́n sọ fún mi, mo sì jókòó opó rẹ̀. Ọgbà mi kú, o ò jẹ́ kí n mọ̀."

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó ti há sí Habeebah láyà láti ọjọ́ ìsìnkú tú jáde. Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó dì í mú, wọ́n padà sílé.

Àwọn kùkùté náà ni Habeebah ya sórí aṣọ tó ṣe tẹ̀ lé e. Kúbúrátù ní kò sẹ́ni tó máa rà á. Ìyá rẹ̀ mú un, ó ń ró o.

Habeebah ti wá mọ̀ pé ẹni tá a bá torí àánú fi òtítọ́ pa mọ́ fún, ohun tí ì bá fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ la gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, wọ́n gbin ẹ̀wà sí Ngomari. Habeebah kò ya ewé ẹ̀wà kankan sórí aṣọ títí ẹ̀wà náà fi hù.