Ohùn Ọkọ Inú Ìwé

Ìgbà tí opó náà kọ́kọ́ rí òǹkàwé, inú yàrá onídígí ni ọkùnrin náà wà. Ó ti bọ́ bàtà kó má baà pariwo, ó sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí òkú. Ọkọ opó gan-an ni òkú ọ̀hún.

Opó fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé tí ọkùnrin náà ń kà. Ìtàn adẹ́rùbani ni: ọkọ kan kú, ó ń padà wá kanlẹ̀kùn ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá ti kàn án, obìnrin náà á rántí ayé wọn, bí ọkọ náà ṣe máa ń fi sálúbàtà rẹ̀ pamọ́ fún eré, bó ṣe máa ń fẹ́ tíì rẹ̀ tutù kó tó gbé e fún un. Ilé iṣẹ́ tó ń gba ohùn ìwé kíkà sórí ẹ̀rọ ló ní kí ọkùnrin yìí kà á.

Opó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà ẹni tó sọ fún un pé bí ọkọ òun ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

“Ẹ̀yin náà ni, mà. Ẹ kọ ọ́ pé ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀.”

Ó fi kún un pé látìgbà tí òun ti ka ìwé yìí, òun kì í dá ṣílẹ̀kùn fún àlejò mọ́. Opó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń wá, ó ní òun wá ṣọ́ ìwé òun. Ta ló ń tàn? Ìfẹ́ dà bí oyún, kò ṣeé fọwọ́ bò.

Bí òǹkàwé bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, ó máa ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó ń to ohùn lè mọ ibi tó máa gé. Wọ́n dé orí ìkẹyìn, níbi tí òkú ti na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, tí obìnrin náà sì bá a wọ sàárè lọ. Ó kà á, ó pàtẹ́wọ́. Ó tún un kà, ó tún pàtẹ́wọ́. Opó béèrè ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀. Ọkùnrin náà jáde sí i.

“Kò sí èyí tó le. N ò lè fẹnu ara mi sin yín láàyè. Mo nífẹ̀ẹ́ yín.”

Opó fi ìbínú dáhùn pé obìnrin inú ìwé kì í ṣe òun, ó sì gbé báàgì rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé irọ́ lòun pa.

Nílé, ó ròyìn ohun tí òǹkàwé sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, ó sì ka orí náà fún un, kó lè rí ẹni gbè é lẹ́yìn. Ìyá ń ká aṣọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé aṣọ sílẹ̀.

“Ìyàwó mi, ọmọ tí mo bí kọ́ nìyí. Ẹni tí kì í fẹ́ kójò pa ọ́, ṣé òun ló máa pè ọ́ sínú sàárè? Ìbànújẹ́ rẹ lo fi sí i lẹ́nu.”

Opó bú sẹ́kún. Ìyá gbá a mọ́ra, ó jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, ó wá rọra béèrè bóyá òǹkàwé yẹn ní ìyàwó nílé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, eré ni opó sá dé ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú ojú ìwé tuntun tó kọ mọ́jú. Òǹkàwé kà á tọwọ́tọwọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, òkú ò na ọwọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Olólùfẹ́ mi, ayé wa dùn. Padà sínú ilé.”

Nígbà tó jáde sí opó, ó na ọwọ́ sí i.

“Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ báyìí, kì í ṣe òun. Ṣé ẹ máa fẹ́ mi?”

“Mo mọ̀ pé ìwọ ni,” opó wí, ó di ọwọ́ náà mú. “Ohùn tìrẹ ni mo sáré wá gbọ́. Màá fẹ́ ọ.”