Ohùn Tí Kò Fẹ́ Kí Wọ́n Ṣọ́ Òun

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní àlọ́, Ọmọ́fẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí kò ní bá a jà. Ó ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan ni, ní Agbowó, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì.

Ọmọ́fẹ́ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ka Yorùbá sókè fún àwọn tí kò ríran. Kó má baà ba láptọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́, ó fi ètò dá kọ̀ǹpútà àfarawé kan sínú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń dán iṣẹ́ náà wò. Lọ́jọ́ náà, wọ́n mú iná lọ. Gbogbo ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ dákẹ́. Láptọ́ọ̀pù nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ó ní kó ka ìròyìn ojú ọjọ́. Ètò náà kà á dé ìdajì, ó dúró.

"Àbẹ̀ḿbí."

Ọmọ́fẹ́ sún sẹ́yìn kúrò nídìí láptọ́ọ̀pù. Kò kọ orúkọ yẹn síbì kankan. Oríkì rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ nìkan ló sì máa ń fi pè é. Ìyá ti kú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú, ìyá pè é lórí fóònù. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé e. Títí di báyìí ló ń ro ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

"Àbẹ̀ḿbí, ṣé o ń gbọ́?"

Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Kò sí àní-àní.

Ọmọ́fẹ́ fẹ́ dáhùn, Abíọ́dún tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà di apá rẹ̀ mú.

"Má jẹ́ o! A kì í jẹ́ ìpè ẹni tá ò rí."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Tọpasẹ̀ ẹ̀. Ká mọ ibi tó ti ń wá."

Ọmọ́fẹ́ gbà. Ó kọ àwọn ìlà atọpasẹ̀ sínú ètò náà, kó lè máa ròyìn gbogbo ohun tó bá ń ṣe. Ó tún ní kó ka ìròyìn náà.

Ètò náà ka ìròyìn ojú ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ dúró tì. Kò pe ẹnikẹ́ni.

Ọmọ́fẹ́ yọ àwọn ìlà náà kúrò. Kò pè é. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó ń gbìyànjú títí bátìrì fi fẹ́ kú. Ohùn náà kò pè é mọ́.

"Ó ti tán," ni Abíọ́dún wí, inú rẹ̀ dùn. Ọmọ́fẹ́ kò lè wo ojú rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìyá pè é nígbà tí wọ́n wà láyé, kò gbé e. Wọ́n tún pè é, ó ń wádìí ẹni tó ń pe òun.

Nígbà tí Abíọ́dún lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀, Ọmọ́fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ náà sínú ètò.

"Àbẹ̀ḿbí," ni ẹ̀rọ kà. Ohùn ẹ̀rọ lásán ni.

Ọmọ́fẹ́ kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ̀ẹ́n, mà. Mò ń gbọ́ o, mà."

Ẹ̀rọ náà kò ní ohun mìíràn láti kà.