Omi Kànga Keje

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o ju irin náà sínú kànga, ẹ̀ẹ̀kan kọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wí, ó sì fi okùn náà lé mi lọ́wọ́. "Bí ìwọ̀n méjèèjì bá bára mu, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, tún un ṣe. Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé tẹ́ ẹ máa sọ ọ́ láàárọ̀ yìí."

Àpò rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìlú mìíràn ló ń lọ, níbi tí yàrá àyẹ̀wò ńlá kan wà. Ó fẹ́ lọ yẹ omi tó ti bù sínú àwọn ìgò kéékèèké wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló sì máa lò níbẹ̀. Ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ló ń ṣe, lórí omi kànga àdúgbò wa. Ó ti lé lóṣù mẹ́wàá tó ti ń jí ní ìdájí lójoojúmọ́, tó ń lọ wọn kànga mẹ́jọ kí àwọn ará ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi. Bí wọ́n bá ti fa omi, ìwọ̀n ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Dókítà Kànga. Wọ́n ní gbogbo ìwé tó kà, inú kòtò ló gbé e dé.

Iṣẹ́ náà kò le. Irin kékeré kan wà lópin okùn, wọ́n sì ti sàmì sára okùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíi téèpù tí màmá wa, tó jẹ́ aránṣọ, fi ń wọn èèyàn. Èèyàn á sọ ọ́ kalẹ̀ títí irin á fi dún lórí omi, á wo àmì tó wà lẹ́nu kànga, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí omi bá gòkè, ìwọ̀n á dín kù. Bí omi bá lọ sílẹ̀, ìwọ̀n á pọ̀ sí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ìwọ nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ láti fi í sílẹ̀ fún," ni ẹ̀gbọ́n mi tún sọ. "Ọjọ́ tí o ò bá lè lọ, kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ò lọ. Àyè òfìfo kì í ba ìwádìí jẹ́."

Ó dì mọ́ mi, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, mo ṣe é bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀rẹ́ mi kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín wá bá mi kàwé, nítorí ìdánwò àṣekágbá wa kò ju oṣù kan lọ mọ́. Ó rí ìwé ìwọ̀n náà lórí tábìlì, ó ṣí i.

"Kànga kẹta, lánàá?" ló bi mí.

"Mítà mẹ́sàn-án lé díẹ̀."

"Ìjẹta ńkọ́?"

"Mítà mẹ́sàn-án lé díẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Omi kan náà, ihò kan náà! Ṣé omi ń lọ ìrìn àjò ni? Ìwọ náà jókòó, kọ mítà mẹ́sàn-án síbẹ̀, jẹ́ ká kàwé jàre. Ta ló máa mọ̀?"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọlé.

Ilẹ̀ ọjọ́ karùn-ún mọ́ pẹ̀lú òjò. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ni, ó ń lu páànù bí ẹni ń da òkúta sí i. Mo na ọwọ́ mú okùn, mo gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, mo tún fa aṣọ ìbora bo orí. Nígbà tí mo jí, oòrùn ti yọ, gbogbo àdúgbò ti fa omi tán. Bírò wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀. Ìlà kan péré ni ì bá ná mi: "Mi ò lọ." Ojú tì mí láti kọ ọ́. Mo kọ ìwọ̀n mẹ́jọ sílẹ̀ láti inú orí mi, mo sì jẹ búrẹ́dì.

Kò sẹ́ni tó kú. Lọ́jọ́ kejì, mi ò lọ mọ́ rárá. Lọ́jọ́ kẹta, mo ti di ọ̀gá nídìí irọ́. Mo ń pààrọ̀ bírò kó má bàa dà bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni mo kọ gbogbo rẹ̀. Mo ta omi sí ojú ewé ọjọ́ òjò, kó lè dà bíi pé inú òjò ni mo ti kọ ọ́. Mo tilẹ̀ fi ọgbọ́n kún un: òjò ti rọ̀, omi gbọ́dọ̀ gòkè, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìwọ̀n kù díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ kejì òjò. Mo gbóríyìn fún ara mi. Àwọn àgbà ní àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, ṣùgbọ́n èmi rò pé tèmi yàtọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ẹ̀gbọ́n mi dé. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà ló jọ dé, obìnrin kúkúrú kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó mu omi ló ti gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ó ń ṣí i lọ, inú rẹ̀ ń dùn. Ó dé ojú ewé tí mo ta omi sí.

"Ẹ wò ó, mà!" ló pariwo. "Inú òjò ló ti wọ̀n ọ́n! Àbúrò mi yìí, inú òjò!"

Ó gbá mi mọ́ra, omi lé sí i lójú. Màmá wa ń rẹ́rìn-ín nídìí maṣíìnì rẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí.

"Ẹ jẹ́ ká rìn yí àwọn kànga náà ká," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Mi ò tíì fojú ara mi rí wọn."

A rìn láti ilé dé ilé. Kànga mẹ́fà àkọ́kọ́ wà níbi tí wọ́n wà. Ìkeje wà lágbàálá bíríkìlà àdúgbò wa, ọkùnrin aláwàdà kan. Ó ń fọ ṣọ́bìrì rẹ̀ nígbà tí a wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi kí i. "A fẹ́ fi kànga yín han ọ̀gá mi ni."

"Kànga wo?"

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ó ń ṣàwàdà, ó rẹ́rìn-ín. "Kànga yín náà ni, sà."

"Dókítà Kànga, ṣé o ò gbọ́ ni? Mo ti dí i. Òjò àkọ́kọ́ yẹn ló jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ya lulẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ ẹnì kan já sí i. Kò ju ọjọ́ méjì lẹ́yìn òjò tí mo fi da yanrìn sí i tó kún dẹ́nu, mo sì fi kọnkéré dé e lórí." Ó rìn lọ sí ibì kan tí wọ́n sá aṣọ sí lókè rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbì, gbì. "Òun rèé. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì."

Mo ń wo kọnkéré náà bí ẹni pé yóò ṣí fúnra rẹ̀ kí omi yọ jáde.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ awò ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé, ó rọra kà á: "Àná. Kànga keje. Mítà mẹ́jọ àti ogún sẹ̀ǹtímítà." Ó wo kọnkéré. Ó wo ìwé. Ó wá wo èmi.

Bíríkìlà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí kọnkéré náà jẹ́jẹ́.

"Ó ṣeé ṣe kó ti ṣi nọ́ńbà kọ, mà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kànga kẹjọ ló kọ síbẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò yí ojú kúrò lára mi. "Ọmọ mi, èmi ò ní nà ọ́. Ohun kan péré ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé kànga yìí nìkan ni, àbí ó kan àwọn yòókù?"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Títí dòní, mi ò tíì gbàgbé ojú yẹn. Ó ń bẹ̀ mí. Ó fẹ́ kí n sọ pé kànga yìí nìkan ni, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí ìyókù ṣeé lò. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ẹ̀gbọ́n mi á sì gba oyè rẹ̀ lọ́dún yẹn. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Bí mo bá ti rí i pé ó rọrùn láti parọ́ nítorí ara mi, báwo ni kò ṣe ní rọrùn láti parọ́ nítorí rẹ̀?

"Gbogbo ẹ̀ ni, mà," ni mo wí. "Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni mo lọ. Látọjọ́ tí òjò ti rọ̀, mi ò fojú kan kànga kankan."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù bíríkìlà bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

"Ọjọ́ òjò," ló ń sọ. "Ọjọ́ òjò gan-an. Gbogbo ohun tí mò ń wá nìyẹn. Ọjọ́ mélòó lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ni omi ń gòkè? Mo ti ń dúró de ọjọ́ yẹn láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń wáyé lọ́dún."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo tilẹ̀ ti bá a dáhùn ìbéèrè náà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní omi gòkè lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí a padà délé, màmá wa bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n pé bóyá wọ́n lè fojú fò ó. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn: "Màmá, àwọn èèyàn máa gbẹ́ kànga nítorí ohun tí mo bá kọ." Ó kọ̀wé sí yunifásítì lọ́jọ́ kejì, ó sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi ọdún kan kún ìwádìí rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ti ṣèlérí fún un, wọ́n ní àwọn ò lè dúró, wọ́n fún ẹlòmíràn. Èmi ṣe ìdánwò mi, mo yege, kò sì dùn mọ́ mi nínú.

Fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ karùn-ún, nǹkan tútù kan bà lé mi lápá lórí ibùsùn. Irin okùn náà ni.

"Dìde," ló wí. "À ń lọ."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jọ lọ nìyẹn, lójoojúmọ́, kànga méje. Ọdún yí po, òjò àkọ́rọ̀ dé, ó rọ̀ ju ti èṣí lọ. Mo ti wà nínú rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọ bàtà. Mo sọ irin kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ ohun tí mo rí. Lọ́jọ́ kejì òjò, omi kò gòkè. Lọ́jọ́ karùn-ún, kò gòkè. Mo rò pé okùn náà ti bàjẹ́. Ọjọ́ kọkànlá ni omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sún sókè, díẹ̀ báyìí, nínú gbogbo kànga méjèèje.

Ọjọ́ mọ́kànlá! Kò sí bí mo ṣe lè fi orí mi rò ó láéláé.

Ìwé ẹ̀gbọ́n mi ti jáde báyìí, wọ́n sì ti ń pè é ní Ọ̀mọ̀wé láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ tí mo mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ: "A kò lo ìwọ̀n ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kan ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí pé a kò wọ̀n wọ́n." Kò dárúkọ mi. Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí wọ́n bá fi iṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́, lọ ṣe é. Bí o ò bá lọ, kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ò lọ.