Tapólì Lórí Ọkọ̀ Tuntun

"Sabina, méjèèjì rèé nílẹ̀. Èwo lo mú?"

Ìyá rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀ ní etí ọ̀sà Bàrígà, níbi tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ tuntun sí lórí iyanrìn. Ní apá kan ọkọ̀ náà, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n ti hun pọ̀ ló wà nílẹ̀, ó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ní apá kejì, tapólì ńlá kan ni, irú èyí tí àwọn onílọ́rì fi ń bo ẹrù. Rùkáyátù ni ọ̀rẹ́ Sabina, bàbá rẹ̀ ló yá wọn ní tapólì náà. Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá náà, Ṣómólú ló ń gbé, lọ́rì rẹ̀ sì ti bàjẹ́ sẹ́yìnkùlé láti ìgbà Kérésì.

Sabina wo imọ̀, ó wo tapólì. Kì í ṣe pé kò mọ èyí tó wù ú. Ohun tó ń já a láyà ni pé òun ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́.

Ẹ má dá a lẹ́bi o. Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ohun eré. Japhet Ikúmápàyí, bàbá rẹ̀, apẹja ọmọ Ìlàjẹ, ti fi ọdún gbọọrọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kó tó ní èyí. Ara odindi igi kan ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ nílé ní Ìlàjẹ, ojú omi ni wọ́n sì gbé e gbà wá sí Èkó. Igi náà kò tíì gbẹ. Gbogbo apẹja ló mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ láìbò, yóò là láti orí dé ìdí. Àfi bí ẹ̀gún ẹja ọ̀bọ̀kún ṣe gún Bàbá ní àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ọkọ̀ dé gan-an! Ẹsẹ̀ wú, kò lè fi tẹlẹ̀. Wọn kò sì lè so ọkọ̀ tuntun sómi láìsí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, torí olè ni yóò wà á lọ.

Bàbá ti pè é sídìí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí. "Ìwọ ni ojú mi létí ọ̀sà," ó ní. "Ìyá rẹ ń lọ ta ẹja yíyan ní Fádèyí lójoojúmọ́, Ìbídàpọ̀ àbúrò mi sì wà lójú omi pẹ̀lú àwọn tó gbà á síṣẹ́. Mú èyí tí o bá lè tọ́jú. Bó bá jẹ́ imọ̀ ni, máa wọ́n omi sí i, kí o sì máa yí i. Bó bá jẹ́ tapólì ni, fi igi gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ máa rí abẹ́ rẹ̀ gbà kọjá. Èyíkéyìí tí o bá mú, máa rọ omi sínú ọkọ̀ kí ó lè mumi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Igi tútù dà bí ọmọ ọwọ́. A kì í bò ó mọ́lẹ̀ ká gbàgbé rẹ̀."

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lọ́kàn Sabina. Ọdún yẹn ni Ọbabìnrin ìlú Ọba ń bọ̀ wá sí Èkó. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń palẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ ń yan bí ọmọ ogun lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, títí oòrùn fi ń wọ̀. Sabina ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ ìlù, ni Tíṣà bá fi í sí ìlà iwájú. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ẹ̀yìn ni yóò lọ. Ta ni yóò máa yí imọ̀ ọ̀pẹ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yan?

"Tapólì ni, Ìyá," ó sọ níkẹyìn. "Ó lágbára ju imọ̀ lọ."

"Òótọ́ ni, ó lágbára. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ní agbára láti máa ṣí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́?"

"Mo ní in, Ìyá."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́ o!

Lóòótọ́, ó kọ́kọ́ ṣe é bí Bàbá ṣe wí. Ó ri igi mọ́lẹ̀, ó ta tapólì lé e, ó rọ omi sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́ láti orí ọ̀sà, ó gbé tapólì, ó dà á sínú ẹrẹ̀. Sabina tún un ta, afẹ́fẹ́ tún gbé e. Inú bí i. Ó ti pẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń yan.

"Fa igi yẹn dànù jàre," ni Rùkáyátù wí, ẹni tó tẹ̀lé e wá. "Jẹ́ ká dì í bí bàbá mi ṣe ń di ẹrù obì. Bí wọ́n bá ti dì í pa, obì kì í gbẹ títí dé Kánò. Obì ò gbẹ, ṣé odindi igi ló máa wá gbẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí Sabina, nítorí pé ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Wọ́n tẹ́ tapólì pẹrẹsẹ lé ọkọ̀ lórí, wọ́n fi okùn dì í mọ́lẹ̀ pinpin, wọ́n ta kókó lórí kókó. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ apẹja ṣe fi ìmọ̀ onílọ́rì tọ́jú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n sáré lọ yan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá gbórí sókè lórí ẹní. "Ṣé ọkọ̀ mumi?"

"Ó mumi, Bàbá."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó rò pé òun yóò tú okùn náà lọ́la. Lọ́la dé, kókó náà le, Tíṣà sì ń dúró. Lójoojúmọ́ ni Bàbá ń bi í, lójoojúmọ́ ni ó ń dáhùn, "Ó mumi, Bàbá." Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀ láti ìta, yóò ta gìrì.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó lọ sétí ọ̀sà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ó fi eyín tú okùn. Ooru rọ́ lù ú lójú bó ṣe ká tapólì kúrò. Ó wo iwájú ọkọ̀, kò rí nǹkan. Ó wo àárín, kò rí nǹkan. Ó dé ìdí ọkọ̀. Igi ti là. Ìlà náà gùn tó apá rẹ̀, ó sì fẹ̀ débi pé ó ń rí iyanrìn láti inú.

"Mo gbé! Mo kú!" Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

Rùkáyátù ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó gbọ́. "Dákẹ́. Ṣebí ẹ̀yin apẹja ń fi ọ̀dà dí ihò ọkọ̀? Di òwú sí i, fi ọ̀dà kùn ún. Ta ló máa mọ̀?"

"Bàbá ló máa jókòó síbẹ̀, Rùkáyátù. Ìdí ọkọ̀ ni ibùjókòó rẹ̀."

"Tí o bá sọ fún wọn, wọ́n á lù ọ́, wọ́n á sì ní kí o má yan mọ́. Ọwọ́ rẹ ló wà."

Sabina di òwú sí ojú ibi tó là, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó sì fi kun ibòmíràn pẹ̀lú kí ó má bàa hàn. Lẹ́yìn náà ló wá ń rọ omi sínú ọkọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láìpa ọjọ́ kan jẹ. Àbámọ̀ ni í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Igi tó ti là kò mọ̀ pé Sabina ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹsẹ̀ Bàbá ń san. Lọ́jọ́ kan ó fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìbídàpọ̀ ti wálé," ó ní. "Ọjọ́ tí ẹ bá lọ pàdé Ọbabìnrin yẹn, ọjọ́ yẹn ni èmi náà yóò gbé ọkọ̀ mi sómi. A ó dé ibi tó jìn, níbi tí ẹja ńlá wà." Ó gbé ọwọ́ lé Sabina lórí. "Ìwọ lo ṣe é. Bí kì í bá ṣe tìrẹ, ọyẹ́ ìbá ti bà á jẹ́."

Ìbá sàn kó gbá a létí. Sabina sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀dà náà lè dúró. Ó tún sọ ọ́. Kò gba ara rẹ̀ gbọ́.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọmọ tò sẹ́bàá títì Ìkòròdú nínú aṣọ funfun, àsíá kékeré lọ́wọ́ oníkálùkù. Sabina wà ní iwájú níbi tó fẹ́ wà. Rùkáyátù ń fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú oòrùn ni Sabina ń wò. Bàbá ní kí oòrùn tó le ni àwọn yóò ti ọkọ̀ sómi. Ó rántí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé yẹn. Apẹja ni Bàbá, ó mọ̀wẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan kò gbé èèyàn dé èbúté láti ibi tó jìn.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ."

"Lọ síbo? Wọ́n ní Ọbabìnrin ti ń bọ̀!"

Sabina kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ya kúrò ní ìlà, ó gba àárín èrò, ó sá wọ Ṣómólú. Àwọn èèyàn ń sáré bọ̀ wá sí títì, òun nìkan ló ń sá lọ sí ọ̀nà ọ̀sà. "Ọmọ yìí, ọ̀nà ibẹ̀ kọ́!" ni obìnrin kan ń pariwo. Bàtà rẹ̀ bọ́, kò mú un. Nígbà tó dé etí omi ní Bàrígà, kò rí ọkọ̀ mọ́ lórí iyanrìn.

Ó gbójú wo orí omi. Wọ́n ti ti ọkọ̀ sómi. Bọ̀dá Ìbídàpọ̀ ń wà á níwájú, Bàbá jókòó sídìí, àwọ̀n wà láàárín wọn.

"Bàbá! Ẹ padà!" Ó wọ inú omi dé àyà. "Ọkọ̀ ti là! Èmi ni mo fi ọ̀dà bò ó! Bàbá, ẹ padà o!"

Ìbídàpọ̀ rò pé eré ni, ó juwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àwọ̀n kúrò nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀. Sabina rí bí ara Bàbá ṣe le gbagidi. Omi ti wọlé. Wọ́n yí ọkọ̀ padà, wọ́n ń wà á bí ẹni tí ogun ń lé, omi sì ń ga nínú rẹ̀. Wọ́n ju àwọ̀n nù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ìbídàpọ̀ fò sómi, ó ń tì í láti ẹ̀yìn. Bí orí ọkọ̀ ṣe kan iyanrìn báyìí, ó dún gbàà, ó sì là dé àárín.

"O fẹ́ pa wá ni!" Ìbídàpọ̀ gbọ́wọ́ sókè láti gbá a.

"Fi í sílẹ̀," ni Bàbá wí. Ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Sabina ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ foríjì mí. Ọkọ̀ yín ti bàjẹ́. Ọkọ̀ tí ẹ fi ọdún gbọọrọ wá."

Bàbá wò ó tìtì. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò pariwo. "Ṣé ọkọ̀ lo ń sunkún lé lórí? Igi ni. Bó bá là, a ó tún un ṣe. Bí mo bá kú sínú ọ̀sà láàárọ̀ yìí, kí lo fẹ́ fi tún mi ṣe?"

Sabina rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ Bàbá.

Wọ́n kan páànù mọ́ ọkọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè lọ síbi tó jìn mọ́ láéláé. Etí omi nìkan ló mọ. Bàbá padà sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kò tó o lọ́jọ́ orí, Sabina sì ń rí i bó ṣe ń tiro jáde láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó tún bá a wí. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Tapólì tí Sabina mú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yíyan tó lọ yan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. "Ó mumi, Bàbá" ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ṣe ohun tí kò dára, ẹ tètè sọ ọ́ fún ẹni tó kàn, ìyà yòówù kó tẹ̀lé e. Ẹni tó tètè jẹ́wọ́ lè pàdánù ọkọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ jẹ́wọ́ lè pàdánù ẹni tó wà nínú rẹ̀.