Ìsinmi Tó Jẹ Eegun

Láti ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá, ìyá bàbá rẹ̀, ni òórùn ìtọ̀ ti pàdé Fatihah. Ó fi ìbòrí bo imú, ó gbé abọ́ gààrí ka orí àga, ó sì yíjú láti jáde.

"Fatihah, wá fà mí dìde. Ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri."

"Ẹ sinmi, Màmá. Tó bá dọ̀la."

Ọ̀la rẹ̀ kì í dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ inú fún Màmá lóṣù méjì sẹ́yìn, Nọ́ọ̀sì Máyọ̀wá ti fún Fatihah ní ìwé kan: kó máa mú Màmá rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó sì máa fa ìlà kan sí i fún ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Màmá, ìtọ̀ Màmá, ara Màmá tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń rí i lára. Ó ń fa ìlà, kò mú ẹnikẹ́ni rìn. Àwọn tó ń wá kí Màmá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tún ń yìn ín pé ọmọ yìí mọ àgbà í kẹ́, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ Màmá kan ilẹ̀. Ìkẹ́ wo nìyẹn?

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Albert, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn, sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń gbé nínú ọkọ̀ gbalasa òfuurufú, lókè lọ́hùn-ún níbi tí ara kì í ti wúwo. "Ńṣe ni wọ́n ń léfòó. Eegun wọn kò ru nǹkan kan, ló bá ń joro. Ẹni tó dùbúlẹ̀ pẹ́ náà ńkọ́? Bákan náà ni."

Àyà Fatihah já. Ó sáré relé lọ jẹ́wọ́, àmọ́ Nọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀, ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O káre, o ò pa ọjọ́ kan jẹ. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n rí yín."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun Fatihah. Ó rí bàbá rẹ̀, Ràsákì, tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ojú tì í, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Màmá wò ó títí. Ó rọ́jú dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ìkejì yẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀, eegun ìbàdí rẹ̀ sì dá.

Ní ọsibítù ni Fatihah tó jẹ́wọ́. Ràsákì tutọ́ sílẹ̀. "Nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, ìgbẹ́ rẹ ni ìyá mi yìí fọwọ́ kó. Kò rí wọn lára."

"Mo mọ̀ pé irọ́ lo ń kọ," Màmá sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Mo bò ọ́ láṣìírí ni. Mo ní bó pẹ́ bó yá, wàá fà mí dìde."

Fatihah wo ọwọ́ tó fi fa ìlà, ó sì kórìíra rẹ̀ ju ìtọ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ìríra sá fún àgbà tó nílò ọwọ́ yín, ẹ má sì kọ ohun tí ẹ ò ṣe sílẹ̀. Ara ẹlòmíràn ló lè san gbèsè rẹ̀. Màmá kò tún dá rìn mọ́.